Gbì, Kẹ̀kẹ̀kẹ̀, Ṣììì: Ohun Tí Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Ń Wí Nígbà Tí A Bá Pa Á

Dírẹ́bà tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kì í sábà mọ orúkọ ohun tó ń dà á láàmú. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Bí mo bá ti pa á báyìí, á ṣe gbì." Tàbí, "Á kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ̀kẹ̀ kó tó dákẹ́." Mẹkáníìkì tó bá fi í rẹ́rìn-ín, tó ní kó kàn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó máa lọ, ti da ẹ̀rí tó dáa jù nù. Gbì kì í ṣe gbà. Gbì ni ti ohun tó wúwo tó já lu nǹkan, tí rọ́bà tó yẹ kó gbà á kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbà ni ti irin tó lu irin lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ni ti àwọn irin kéékèèké tí àyè wà láàárín wọn, tí wọ́n ń gbọ̀n. Kọ́, tó bá dún láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́. Láàárín gbì àti kọ́, owó rọ́bà kan àti owó odindi ẹ́ńjìnnì ló wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, bí ìbéèrè kan ṣoṣo bá ni mo láǹfààní láti bi dírẹ́bà náà, "Báwo ló ṣe dún?" kọ́ ni n óò bi í. "Ìgbà wo ló dún?" ni. Ṣé kí ẹ́ńjìnnì tó dúró ni, ṣé bó ṣe ń yí ìyípo ìkẹyìn ni, àbí lẹ́yìn tó ti dúró pátápátá? Ìdáhùn sí ìyẹn nìkan máa ń yọ ìdajì àwọn afurasí kúrò kí a tó fọwọ́ kan sìpánà.

Ká lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì fi ń kú. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo. Afẹ́fẹ́ tí písítìnnì fún pọ̀ ló ń gbóná débi tí epo yóò fi gbiná fúnra rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún afẹ́fẹ́ náà títí yóò fi wọ àyè tó jẹ́ ìdá kan nínú 16 sí 18 àyè tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a bá pa á, epo ni a gé. Afẹ́fẹ́ ṣì ń wọlé, písítìnnì ṣì ń fún un pọ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń ta á padà bíi sípíríǹgì. Agbára tó kù lára fúláíwíìlì, àwo irin wíwúwo tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ló ń ti ẹ́ńjìnnì kọjá òkè kọ̀ọ̀kan. Bí eré rẹ̀ ṣe ń já bọ́ láti nǹkan bí ìyípo 600 sí 800 láàárín ìṣẹ́jú kan (eré ìdúró, ìyẹn eré ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láìtẹ epo), bẹ́ẹ̀ ni ìtì kọ̀ọ̀kan ń jìnnà sí èkejì, gbogbo ara ẹ́ńjìnnì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ibì kan wà nísàlẹ̀ eré ìdúró yìí tí fífì náà bá bí rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń mì fúnra rẹ̀ dọ́gba. Kò sí dísẹ́ẹ̀lì kan tí kò ní gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà tí a bá pa á.

Ìgbà tó bá yá, písítìnnì kan yóò gòkè, kò sì ní lágbára àtirékọjá mọ́. Afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ yóò tì í padà, ẹ́ńjìnnì yóò sì yí sẹ́yìn díẹ̀ kó tó sinmi. Ìyísẹ́yìn kékeré yìí ló ń tú àṣírí. Eyín gíá tó ti ń fẹ̀gbẹ́ kan ti ara wọn láti àárọ̀ yóò fi ẹ̀gbẹ́ kejì lu ara wọn. Bíárìnnì tó ti jẹ yóò yọ̀ láti ìhà kan sí ìhà kejì. Bóòtù tó ti tú yóò mì. Nígbà tí iná ṣì ń jó nínú sìlíńdà, ariwo rẹ̀ bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. (Nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń dá a dúró, ojú kan náà ni ẹ́ńjìnnì máa ń sábà kú sí: ibi méjì fún ẹlẹ́sìlíńdà mẹ́rin, ibi mẹ́ta fún ẹlẹ́sìlíńdà mẹ́fà. Ẹ wo eyín tí sítátà ń gbá lára fúláíwíìlì tó ti pẹ́, ẹ ó rí i pé àwọn ibi wọ̀nyẹn nìkan ló jẹ.)

Ẹ lo fóònù. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ̀yin bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya fídíò rẹ̀ lọ́nà tó máa ń fa ìṣísẹ̀ gùn. Fóònù tó lè ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò fi hàn yín bóyá ẹ́ńjìnnì fò sókè kó tó dún ni, àbí ó dún kó tó fò. Ẹ má gbé fóònù lé ara ẹ́ńjìnnì o. Ẹ gbé e lé ibi tí kò ní mì, tó sì jìnnà sí fáànù.

Àwọn ariwo kan wà tí kì í ṣe àrùn. Ọkọ̀ tó ń lo AdBlue, omi tí wọ́n ń fọ́n sínú èéfín láti dín oró rẹ̀ kù, yóò máa kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́. Pọ́ńpù rẹ̀ ló ń fa omi tó kù nínú páìpù padà sínú táńkì, nítorí omi náà, tí yúríà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún, máa ń dì bí yìnyín bí òtútù bá dé −11°C, bó bá sì gbẹ síbi tí kò yẹ, á di iyọ̀ funfun tó ń dí ojú ihò. Ẹni tó bá ń pa súìṣì bátìrì lójú ẹsẹ̀ tó bá ti pa ẹ́ńjìnnì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba páìpù yẹn jẹ́ ni. Ariwo yìí yẹ kó wà; ọjọ́ tí ẹ kò bá gbọ́ ọ mọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Tik-tik-tik tí sàláńsà àti àpótí DPF (asẹ́ tó ń gba èérí inú èéfín) ń ṣe bí wọ́n ṣe ń tutù náà kì í ṣe nǹkan kan, pàápàá bó bá jẹ́ pé DPF ń jó èérí inú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ pa á, torí ooru inú rẹ̀ lè tó 600°C.

Ó wá ku gbì, ẹjọ́ tó pọ̀ jù lọ. Gbogbo ènìyàn ni yóò sọ pé sítìnnì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn rọ́bà ìjókòó rẹ̀, ló ti jẹ, wọ́n sì sábà máa ń jàre. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra sítìnnì, ẹ wo ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí sínú. Ọ̀pọ̀ dísẹ́ẹ̀lì òde òní ní ìdérí kékeré kan lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó máa ń pa dé nígbà tí a bá pa ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, písítìnnì kò ní rí nǹkan fún pọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú jẹ́jẹ́. Bí èédú àti òróró bá ti di ìdérí yìí mú, ọkọ̀ tó máa ń kú wọ́ọ́rọ́wọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó tó kú. Wọn yóò pààrọ̀ sítìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbì kò ní lọ. Ẹ yọ rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ wọ ibẹ̀, kí ẹnìkan pa ọkọ̀, kí ẹ̀yin máa wò ó: ó yẹ kí ìdérí náà pa dé lójú ẹsẹ̀, kó sì ṣí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bó bá lọ́ra, ẹ fọ̀ ọ́.

Bí ìyẹn bá dáa tàbí bí ọkọ̀ kò bá ní i rárá, ẹ wá kọjú sí sítìnnì. Ẹ fi igi tó nípọn sórí jáàkì, ẹ gbé e sábẹ́ ibi tó le lára ẹ́ńjìnnì (kì í ṣe sábẹ́ àwo ọ́ìlì tí kò nípọn), kí ẹ sì rọra gbé ìwúwo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí irin òkè bá ń yọ kúrò lára rọ́bà kí ìsàlẹ̀ tó mì, rọ́bà ti já kúrò lára irin. Sítìnnì tí omi wà nínú rẹ̀ máa ń da omi dúdú sí ara ṣáásí bó bá ti bẹ́. Ọ̀nà kejì: hándíbíréèkì le, òkúta wà lẹ́yìn táyà, ẹnìkan wọ gíá kìíní kó sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì títí yóò fi fẹ́ mú, kó tún wọ gíá ẹ̀yìn kó ṣe bákan náà. Ẹ̀yin ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe dúró síwájú tàbí sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ ó rí ìhà tó ń gbé ara rẹ̀ sókè. Ẹ má gbàgbé sítìnnì gíábọ́ọ̀sì. Òun ni wọ́n máa ń gbójú fò jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó bá ti kú, á jẹ́ kí páìpù sàláńsà máa lu ṣáásí, ẹ ó sì máa wá ariwo náà kiri iwájú. Àmì dídán lára irin tó yẹ kó dọ̀tí ni ẹlẹ́rìí yín: ibi méjì tó ń lu ara wọn kì í lè ní eruku. Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ má fún bóòtù rẹ̀ le tán títí ẹ ó fi sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lórí rẹ̀, torí rọ́bà tí a fún le nígbà tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kò ní pẹ́ kó tó já.

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ tó ń wá ní ìyípo ìkẹyìn ní àyẹ̀wò tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ pa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì, gíá wà ní fírì. Ẹ tún pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì ní títẹ̀ dé ilẹ̀. Bí ariwo náà bá lọ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, inú gíábọ́ọ̀sì tàbí sípíríǹgì tó wà nínú àwo kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lọ. Bí kò bá yí padà, fúláíwíìlì ni kí ẹ fura sí, tàbí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Fúláíwíìlì alápá méjì, èyí tí sípíríǹgì wà láàárín àwo rẹ̀ méjèèjì, máa ń sọ ara rẹ̀ di mímọ̀ níbí yìí gan-an: bí sípíríǹgì inú rẹ̀ bá ti rẹ̀ tàbí tó ti ṣẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò kú pẹ̀lú ìgbọ̀njìnnìjìnnì bí ẹni gbé àpò irin já sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá kò ní irú rẹ̀, fúláíwíìlì olódindi ni wọ́n ń lò, nítorí náà ẹ wádìí èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́sẹ̀ ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì ọ̀tọ́máàtì lè là yí ojú bóòtù rẹ̀ ká, ariwo rẹ̀ a sì jọ ti kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìnnì mọ́ kráńkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) débi pé àwọn kan ti tú odindi ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà lábẹ́, ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo bóòtù kọ̀ọ̀kan àti ìlà tó bá ti là lára àwo náà. Ẹ yọ okùn bátìrì kí ẹ tó kì ọwọ́ síbẹ̀.

Iwájú ẹ́ńjìnnì náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ọ̀tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún bátìrì, ń yára yí ju kráńkì lọ, ó sì wúwo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró lójijì, ó ṣì fẹ́ máa lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi pọ́lì tó lè dá yí síwájú sí i. Bí pọ́lì yìí bá ti le gan, bẹ́líìtì yóò ké kwíì ní ìparí. Bí bíárìnnì inú rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ gbé eré ẹ́ńjìnnì dé nǹkan bí 2,000 sí 2,500 ìyípo, kí ẹ sì pa á láti ibẹ̀: ẹ ó gbọ́ ìkùn bíi ti kòkòrò lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan yòókù ti dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí, kí ẹ́ńjìnnì má sì tíì gbóná láti ojú ọ̀nà, nítorí tọ́bò, fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kò fẹ́ràn kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lórí eré. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀ nínú ọ̀tánétọ̀, kọ́ńpùrẹ́sọ̀ àti àwọn pọ́lì yòókù, ẹ yọ bẹ́líìtì kúrò, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ pa á. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ńpù omi. Bí ariwo bá ti lọ, ẹ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yọ gbogbo inú ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ẹjọ́ náà.

Pọ́lì kráńkì tí rọ́bà wà láàárín rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tààrà kan láti àárín rẹ̀ kọjá rọ́bà dé òrùka òde. Ẹ lo ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ìlà náà kò bá bára mu mọ́, rọ́bà ti ń yọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá, torí òun ló ń gba ìlọ́pọ̀ tó lè ṣẹ́ kráńkì.

Kọ́ tó jinlẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta nìkan ló dún bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kú, tí kò sì dún nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má sọ pé ó kéré. Agbára ọ́ìlì ń já bọ́ bí eré ṣe ń já bọ́, ọ́ìlì tó yẹ kó gbé kráńkì lórí bíárìnnì ń fẹ́lẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ṣì ń ti kọ́nrọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni àyè tó ti pọ̀ jù ti kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó nígbà òtútù àti nígbà gbígbóná: písítìnnì tó ń lu ara sìlíńdà máa ń pariwo nígbà tó bá tutù, á sì rọlẹ̀ bó bá gbóná, bíárìnnì máa ń burú sí i bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná tí kíki rẹ̀ sì ń dín kù. Ẹ fi géèjì tòótọ́ wọn agbára ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ la fílítà ọ́ìlì. Ẹ na bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn, kí ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì rá a. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ mágnẹ́ẹ̀tì, irin ni, láti ara gíá, ríngì tàbí sìlíńdà. Èyí tó ń dán ṣùgbọ́n tí kò lẹ̀, tó pọ́n bíi bàbà tàbí tó funfun bíi fàdákà, ara bíárìnnì ló sábà ti ń wá. Bí ẹ bá rí i, ẹ má tún sítáàtì ọkọ̀ yẹn láti "gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i". Bíárìnnì tí a yára pààrọ̀ yàtọ̀ sí kráńkì tí a ní láti gbé lọ rẹ́.

Ohun tó bá dún lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti dúró pátápátá kì í ṣe ẹjọ́ kráńkì mọ́. Tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì lè dúró lójú kan náà. Fíìì tó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dára. Bó bá gé kúrú lójijì tàbí tó ń ha bí ọ̀bẹ lára irin, abẹ́ rẹ̀ ti ń kan ògiri. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ rọ́bà afẹ́fẹ́, ẹ fi ìka yí i. Kó mì díẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀ kì í ṣe àbùkù, àyè ọ́ìlì nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ògiri, bí ẹ bá sì tì í wọlé tí ẹ fà á jáde tí ẹ rí i kedere pé ó ń lọ tó ń bọ̀, ó ti tó yọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tí a fi ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró lórí eré ìdúró lẹ́yìn iṣẹ́ líle kì í ṣe àṣejù, torí ọ́ìlì tó bá dúró sínú tọ́bò gbígbóná máa ń jó di èédú.

Ṣììì tó ń bá a lọ ni ti bíréèkì afẹ́fẹ́. Fúù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti ara ohun tó ń gbẹ omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ kò burú. Bí kò bá dákẹ́, èérí tàbí ọ́ìlì láti kọ́ńpùrẹ́sọ̀ ti há ẹnu ọ̀nà ìtú rẹ̀. Ẹ fi òkúta dí táyà, kí afẹ́fẹ́ kún, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú bíréèkì sílẹ̀, kí ẹ sì ka géèjì. Nínú ìdánwò ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ àdáwà kò gbọdọ̀ sọ ju psi 2 (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) nù láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí 3 bí ẹ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́rù tó fa tírélà, 3 àti 4. Lẹ́yìn náà ni omi ọṣẹ àti sùúrù.

Ó ku ẹ́ńjìnnì tí kò fẹ́ kú. Ní ara pọ́ńpù àtijọ́, bó bá ń gùn ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ kó tó dúró, ẹ wo okùn tó ń fa ọwọ́ ìpa rẹ̀ tàbí sólẹ́nọ́ìdì rẹ̀ bóyá ó ń rìn dé òpin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́ tí eré rẹ̀ sì ń gòkè, ọ́ìlì ara rẹ̀ ló ń mu, lọ́pọ̀ ìgbà láti inú tọ́bò tí síìlì rẹ̀ ti já. Bó bá ní kílọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́sẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ wọ gíá tó ga jù, kí ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá ní, ẹ dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ pẹ̀lú pátákó tó le, tàbí kí ẹ tú ohun ìpaná oníkábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì (CO₂) sí i. Ẹ má fi ọwọ́ dí i, ẹ má fi aṣọ dí i. Yóò fà á wọlé. Bí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, ẹ sá jìnnà. Nígbà tó bá ti dákẹ́ tó sì tutù, ẹ tú páìpù tó lọ sínú intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ láti tọ́bò tutù) kí ẹ da ọ́ìlì tó kó sínú rẹ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sítátà, kí ẹ sì gbóòórùn igi tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Bó bá ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, tí ọ́ìlì sì ga ju àmì òkè lọ, kì í ṣe tọ́bò nìkan lẹ ó tún wò, nọ́sù tó ń tú epo sínú sìlíńdà náà ń jò.